Ta Ni A Ń Pè Ní Aláìmọ̀kan?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè má dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí a ń pa lápálápá, ara kò ní le. Ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, yanṣẹ́lódì fún oṣù mẹ́jọ gbáko, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì ìjọba ni ó padà sílé lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn.

Ní Ìdóàní, ní apá Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo bá mẹ́rin nínú wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan lábẹ́ àtíbàbà tí ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ìmọ̀ àwùjọ, èyí tí a mọ̀ sí sosiọ́lọ́jì, ni wọ́n ń kọ́. Ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ni The Social Construction of Reality, tí Peter Berger àti Thomas Luckmann kọ ní 1966. Wọ́n ń jiyàn, iyàn wọn sì dùn. Wọ́n ní ìmọ̀ ni ó ń sọ ibi iṣẹ́ di ohun tí ó jẹ́. Pé ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbà pé òótọ́ ni, òun náà ni yóò máa darí ọwọ́ wọn. Wọ́n mú àpẹẹrẹ wá láti inú báńkì, láti ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì, láti ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó. Mo dúró, mo ń gbọ́, inú mi ń dùn.

Nígbà tí ó yá, mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń sọ fún ìyá tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni aránṣọ mọ̀ nínú èyí?” Ìyá náà gbọ́. Kò bínú. Ohun tí ó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọmọ tí ó ń ṣẹ́ etí aṣọ.”

Wọ́n sún sẹ́yìn, iyàn wọn sì ń bá a lọ. Báńkì àti epo rọ̀bì ni wọ́n tún padà sí.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni èyí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ka ìwé tí ó sọ pé ìmọ̀ ni ó ń dá ayé ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí i pé àwọn fúnra wọn ń dá ayé kan nígbà tí wọ́n bá pe òṣìṣẹ́ ìlú wọn ní aláìmọ̀kan. Orúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Òun ni ó ń pinnu ẹni tí a óò sanwó fún, ẹni tí a óò gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí a óò ní kí ó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé náà ń sọ. Kò le rárá bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá. Ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ń dá ìṣe kan. Bí ó bá ṣe é tí ó tún un ṣe, tí ẹlòmíràn sì ń bá a ṣe é, ìṣe náà yóò di ètò. Lẹ́yìn èyí ni a óò bí ọmọ kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ètò náà. Lójú ọmọ yìí, kì í ṣe ohun tí ènìyàn dá mọ́. Ó ti dà bí òkè tàbí bí odò. Bí ó bá béèrè ìdí rẹ̀, a óò dá a lóhùn pé, “Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Ọmọ náà yóò gbà á sínú, yóò sì fi tọ́ ọmọ tirẹ̀. Ǹjẹ́ èyí ṣàjèjì sí wa? Ọ̀pọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ èdè wa ni ó ń sọ pé inú ṣíṣà ni ọ̀rọ̀ náà “àṣà” ti jáde, pé ohun tí a ṣà láàárín ọ̀pọ̀ ohun ni àṣà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń pe àṣà ní àṣà ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ pé ènìyàn ni ó yàn án, kì í ṣe pé ó ti ojú ọ̀run já bọ́.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ aránṣọ. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Jean Lave, lọ sí Monrovia ní orílẹ̀-èdè Làìbéríà, ó sì jókòó ti àwọn aránṣọ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Vai àti Gola. Ó wo bí àwọn ọmọṣẹ́ wọn ṣe ń kọ́ iṣẹ́. Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí gígé aṣọ. Apá ìparí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: dídá bọ́tìnnì sí ara aṣọ, ṣíṣẹ́ etí rẹ̀, lílọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ran án pọ̀. Gígé ni ó ń kẹ́yìn, nítorí aṣọ tí a bá gé bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí kò bọ́ sí ipò, a lè tú u. Aṣọ tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ pàápàá, láti orí fìlà àti ṣòkòtò péńpé ọmọdé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dé orí kóòtù olówó iyebíye. Kò sí olùkọ́ tí ó ń dúró níwájú pátákó, síbẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ti ń wo odindi aṣọ kí ó tó di pé wọ́n ní kí ó gé e.

Ní 1991, Lave àti Etienne Wenger tẹ ìwé kékeré kan jáde, Situated Learning. Wọ́n lo àpẹẹrẹ àwọn aránṣọ yìí, pẹ̀lú ti àwọn agbẹ̀bí ní Mẹ́síkò àti ti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn, láti fi hàn pé kíkọ́ ẹ̀kọ́ kì í ṣe gbígba ọ̀rọ̀ sí orí nìkan. Wíwọ inú ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń ṣe iṣẹ́ kan ni, díẹ̀díẹ̀, láti etí títí dé àárín. Ìwé yìí ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri àgbáyé, títí kan ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Ṣé ẹ rí i báyìí? Inú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni apá kan nínú ìmọ̀ náà ti jáde. Ó gun ọkọ̀ òfurufú, ó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì, ó padà wá sọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a gbọ́dọ̀ kà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò há a sórí fún ìdánwò, yóò sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí ó ń ṣẹ́ etí aṣọ ní Ìdóàní láìwo ojú rẹ̀. Ẹ gbọ́, àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

N kò sọ pé Lave jalè. Ó jókòó, ó wò, ó tẹ́tí, ó sì sọ ibi tí ó ti rí ohun tí ó rí. Ẹ̀bi kọ́ ni mo ń dá a. Àwa tí a ń gbé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà láti kékeré tí a kò jókòó ni mo ń bá wí.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ òwò ni aránṣọ mọ̀, pé ìmọ̀ gan-an gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìwé. Kí ẹni náà ṣe sùúrù díẹ̀. Ní 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Ifẹ̀, tẹ ìwé Knowledge, Belief and Witchcraft jáde. Wọ́n bá àwọn oníṣègùn jíròrò fún ìgbà pípẹ́ nípa bí Yorùbá ṣe ń lo ọ̀rọ̀ méjì: ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré níbí. Ohun tí ènìyàn bá fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, òun ni ó lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un, tí ó gbọ́ tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ó gbà á, ó gbọ́ ọ. Ohun tí a kà nínú ìwé ńkọ́? Ìgbàgbọ́ náà ni, títí di ìgbà tí a bá dán an wò tí a sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wọn àwọn tí ó wà lábẹ́ àtíbàbà ní ọjọ́ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ nípa báńkì tí wọn kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí àti ilé-iṣẹ́ epo tí wọn kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá aránṣọ ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ tí ó ń bọ́ sórí aṣọ àti ọwọ́ ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́. Nínú èdè àwọn baba wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó wà ní ipò ìgbàgbọ́. Ìyá náà ni ó ní ìmọ̀. Síbẹ̀, òun ni wọ́n pè ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rín nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ǹ bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ kòkó, tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó ń ṣe é jù lọ ní Nàìjíríà. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí yóò wọ ọjà wọn kò gbọdọ̀ ti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá. Ẹni tí ó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ fi àmì ibi tí oko náà wà gan-an hàn, irú àmì tí fóònù ń gbà láti ojú sánmà. Bí oko bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àmì tò ó yíká. Bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì ẹyọ kan ti tó. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ní 2024 àti ní 2025, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé e.

Kí ni oko lójú àgbẹ̀ wa? Ilẹ̀ tí ó jogún tàbí tí ó gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ ni, tí ó fi pèrègún pa ààlà rẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ sì lè jẹ́rìí sí. Kí ni oko lójú òfin yìí? Nọ́ńbà ni, àti ọjọ́. Ìmọ̀ kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Brussels ti wọ inú oko, ó ń sọ ohun tí oko jẹ́, ẹni tí kò bá sì ní nọ́ńbà náà lè máa wo kòkó rẹ̀ kí ọjà yẹn máà gbà á. Kò sí àpẹẹrẹ tí ó fi ohun tí Berger àti Luckmann sọ hàn ju èyí lọ. N kò sọ pé òfin náà burú. Ó dára kí igbó má pa run. Ohun tí mo ń béèrè ni pé: ta ni ó jókòó ti bàbá àgbẹ̀, tí ó ṣàlàyé òfin yìí fún un ní èdè tí ó gbọ́, tí ó sì kọ èsì bàbá náà sílẹ̀ fún àwọn tí ó ṣe òfin? Bí kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ tí a bí sínú ilé àgbẹ̀, ta ni yóò ṣe é? Nígbà tí ọmọ bá sì ti gbà pé bàbá òun kò mọ nǹkan kan, kò ní ronú pé èsì kankan wà lọ́dọ̀ bàbá tí ó yẹ kí a kọ.

Ẹ má ṣe sọ fún mi pé kò sí ẹni tí ó ti rìn ní ọ̀nà yìí ṣáájú yín. N. A. Fadipe, ọmọ Yorùbá, parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ètò àwùjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ó ti wà nínú ilẹ̀. Akinsola Akiwowo ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú ọ̀rọ̀ àjọbí àti àjọgbé, ó fi ṣe àpilẹ̀kọ tí yunifásítì náà tẹ̀ jáde ní 1983. Ní 1986, nínú ìwé ìròyìn International Sociology, ó mú ọ̀rọ̀ kan láti inú ẹsẹ Ifá, àsùwàdà, ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ìmọ̀ àwùjọ: pé kò sí ohun tí ó wà tí ó dá wà, pé ìwà gbogbo ohun ń gbé nínú àkójọpọ̀. M. A. Makinde dá sí ọ̀rọ̀ náà ní 1988, O. B. Lawuyi àti Olufemi Taiwo ta kò ó ní 1990. Iyàn gidi ni wọ́n ja, lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, níwájú gbogbo ayé. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin náà léèrè nípa Akiwowo. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, kò sì tíì ka ohun tí ó kọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń mú oúnjẹ wá, Yorùbá kò sì ní ọ̀rọ̀ tó fún irú ìmọ̀ báyìí. Ìjọba gan-an ti ń sọ irú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó wáyé ní Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ó ní níbi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ni jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní 2022 kò tíì sún mọ́ ìdánwò WAEC ní 2025. Ìjọba fúnra rẹ̀ sì ti sọ ní 2022 pé ìlànà náà kò ní gbéra tán àfi bí ìwé àti olùkọ́ bá wà. A kò fún irúgbìn ní omi, a wá ń pe irúgbìn ní aláìdára.

Àwa Yorùbá sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ síta, nítorí a ti dán an wò rí. Ní 1970, Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èdè kì í sì bí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí a tó lò ó. Lílò ni ó ń bí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn rán òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wọ agbo ilé, àwọn ènìyàn wa kò dúró de ìwé atúmọ̀ èdè. Wọ́n wo ohun tí ó ń ṣe, wọ́n sì pè é ní wolé-wolé. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣàlàyé ipò òṣìṣẹ́ náà ju orúkọ tí ìjọba fún un lọ, nítorí ó sọ ohun tí ẹni tí wọ́n ń wo ilé rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹnìkan. N kò ní kí a máa sin ohun gbogbo tí ó wà ní ibi iṣẹ́ ìbílẹ̀. Ọ̀gá wà tí ó ń fi gígé aṣọ pamọ́ fún ọmọṣẹ́ kí ọmọ náà má baà tètè gba òmìnira. Ọ̀gá wà tí ó ń lù, tí ó sì ń fi ọmọ ṣe ìránṣẹ́ ilé, tí ó bá wá kù díẹ̀ kí a bi í léèrè, yóò ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Ìyẹn náà jẹ́ ohun tí ènìyàn ṣà, a sì lè tún un ṣà. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé Berger àti Luckmann ti lè wúlò ní Ìdóàní: kí ọmọṣẹ́ mọ̀ pé “bí a ṣe ń ṣe é” kì í ṣe òkè.

Bákan náà ni kí àwa tí a fẹ́ràn Yorùbá wo ara wa nínú dígí. Ní Ìdóàní fúnra rẹ̀, àdúgbò kan wà tí ó ní èdè tirẹ̀, Ìyáyù, tí àwọn onímọ̀ èdè kà mọ́ ìdílé èdè Ẹdó. Bí a bá ń bínú pé Gẹ̀ẹ́sì ń sọ Yorùbá di èdè aláìmọ̀kan, a kò gbọdọ̀ fi Yorùbá ṣe irú rẹ̀ fún Ìyáyù. Ohun tí kò dára fún ojú kò lè dára fún imú.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì kà á ní àkàyé. N kò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pa á dé, ẹ mú orí kan nínú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ní ìlú yín, kí ẹ sọ ọ́ fún un ní èdè tirẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣì wà ní ìgbàgbọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ohun tí yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí ó ṣe pè é, kí ẹ sì fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá yín. Fadipe àti Akiwowo ti ro oko náà dé ibi tí agbára wọn mọ. Igbó kò gbọdọ̀ tún kún un lójú yín.

Àti pé bí ẹ bá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni láti jiyàn lórí ìmọ̀, ẹ wo ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹ má ṣe dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ire o.